Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Wá Ṣe Òkúta

Òórùn àdín ló kọ́kọ́ wọlé, kí ọmọ tó wọlé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Òmù-Àrán lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo ń ka ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, torí pé ní irú ọjọ́ orí tèmi yìí, ìròyìn òní àti ti àná ti di ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni òórùn yìí gba ẹnu ọ̀nà wọlé: àdín tí wọ́n pò mọ́ eérú. N kò tíì rí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì ti lọ sórí orúnkún mi fúnra wọn, ẹ̀yìn mi ti nà ṣánṣán, mo ti di èémí mú. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọmọ ọmọ mi ló wọlé, Tèmídayọ̀, ọmọ ọdún méje. Eérú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló ń tàn. Ó ní wọ́n ti yan òun nílé-ìwé. Ọjọ́ Ìlú ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ sórí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tí wọ́n máa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kí wọ́n jókòó bí àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, kí ọkọ̀ sì gbé wọn yí ìlú ká. Etí ọkọ̀ pátápátá ni wọ́n fi òun sí, níbi tí àwọn àlejò pàtàkì yóò ti rí òun dáadáa, torí pé nínú gbogbo kíláàsì, òun ló mọ̀ ọ́n jókòó jẹ́ẹ́ jù.

Ó dúró, ó ń retí ìyìn. Mo ní ó ṣeun. Mo ní kí ó lọ wẹ̀. Ó kọjá tán kí n tó rí i pé ọwọ́ mi kò tíì kúrò lórí orúnkún.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó rẹ̀ mí láti máa sọ ìtàn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n n ó sọ èyí. Ẹ fara balẹ̀. Kò gùn.

Ẹ̀sìẹ́ ni mo gbé dàgbà. Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn ère tó wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn òkúta tí wọ́n jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n dé fìlà, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ tí kò tètè jinná. Àwọn àgbà ìlú wa ní àlejò ni wọ́n nígbà kan, wọ́n bínú sí wa, wọ́n sì di òkúta. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà lọ sí yunifásítì, mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gígùn bo òtítọ́ kúkúrú, mo sì padà wálé láìrí ẹni tó mọ ju àwọn àgbà wọ̀nyẹn lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀mọ̀wé a máa wọ mọ́tò wá láti ọ̀nà jíjìn kó tó sọ fún ọ pé òun kò mọ̀.

Èmi àti Ráfátù, ọ̀rẹ́ mi, jọ gbé agboolé kan náà. Ògiri kan ló pín wa, ògiri náà sì ti wó dé ìdajì kí wọ́n tó bí wa. Onígbàgbọ́ ni àwa. Bàbá mi ń gbin iṣu, òun náà ló ń lu agogo ìjọ lọ́jọ́ Àìkú. Mùsùlùmí ni àwọn. Bí Iléyá bá dé, a ó jẹ ẹran wọn. Bí Kérésì bá dé, wọn a jẹ ìrẹsì wa. Inú ikùn ni ẹ̀sìn méjèèjì ti máa ń pàdé, n kò sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n jà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ni Ráfátù ń gbé. Ìyá Aládìn-ín ni gbogbo ìlú ń pè é, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó yan èkùrọ́, kó yọ àdín rẹ̀ tà. Obìnrin kúkúrú ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ìka rẹ̀ a máa dán bí ìka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Òun àti Ráfátù ni wọ́n jọ ń pa èkùrọ́ lórí òkúta ní ìrọ̀lẹ́. Èmi a máa gun ògiri wíwó yẹn kọjá lọ bá wọn, n ó ní mo wá ràn wọ́n lọ́wọ́, n ó sì máa jẹ èkùrọ́. Ìyá Aládìn-ín a ní irú olùrànlọ́wọ́ bíi tèmi ló sọ òun di arúgbó.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, tíṣà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ dé. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, torí pé ó ti kú, kì í sì í ṣe ènìyàn búburú. Ó máa ń wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ débi pé ìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bẹ iṣu. Àwa ọmọ fún un ní orúkọ tirẹ̀: Tíṣà Má-Mira. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìdíje kan wà ní Òmù-Àrán lọ́dọọdún, tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe lọ́rì kan lọ́ṣọ̀ọ́, tí àwọn ọmọ máa ń jókòó lé e lórí láti fi nǹkan kan hàn: àgbẹ̀ lóko, nọ́ọ̀sì àti aláìsàn, ìgbéyàwó. Lọ́rì ọ̀ṣọ́ ni àwa ń pè é. Yóò rọra kọjá láàárín ìlú, àwọn onídàájọ́ yóò jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọn yóò sì fún èyí tó dára jù ní ife ẹ̀yẹ. Tíṣà ronú kan ìlú wa. Ó ní kí ni a tún ń wá kiri? Òkúta wa nìyẹn. Kí á fi ọmọ ṣe òkúta.

Kò sẹ́ni tó sọ pé èrò náà kò dára. Ọ̀gá ilé-ìwé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn òbí dunnú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ òkúta.

Ẹ má rò pé eré ni. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì ni ó ń kó wa jókòó sí, lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú níwájú. Ó sọ fún wa pé lọ́dún tó kọjá, ilé-ìwé kan láti apá Òmùpo gbé ọdẹ sórí lọ́rì tiwọn, eṣinṣin bà lé ọdẹ nímú, ọdẹ họ imú, ife ẹ̀yẹ bọ́. Nítorí náà, kò ní í lé eṣinṣin fún wa. Bí èèrà bá gun ẹsẹ̀ rẹ, èèrà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìwọ náà ní iṣẹ́ tìrẹ. Ní ọjọ́ kan ó ra àkàrà gbígbóná, ó gbé e kọjá níwájú wa lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó bá sì gbé ojú tẹ̀lé àkàrà, ó ti padà di ọmọ ènìyàn lójú ẹsẹ̀, yóò dìde, yóò lọ ro ọgbà. Ọmọ mọ́kànlélógún ni a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àkàrà kọjá tán, ó ku mẹ́jọ.

Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, àwa mẹ́jọ a dúró, a ó ka ohun tó kọ́ wa sókè. Òkúta kì í họ ara. Òkúta kì í rẹ́rìn-ín. Òkúta kì í pariwo.

Ráfátù ló mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ náà ní sùúrù tí kò yẹ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kan tí òun àti èmi ń dánra wò nílé, adìẹ Ìyá Aládìn-ín kan fò lé e lórí, ó sì ṣe ohun tí adìẹ ń ṣe. Kò ṣẹ́jú. Ó ń ṣàn bọ̀ létí rẹ̀, kò mira. Èmi ni mo ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn tí mo rẹ́rìn-ín tán tó sì fọ orí rẹ̀ tán, ó wò mí, ó ní, “Wọn yóò lé ọ kúrò, wàá rí i.” N kò jẹ́ kí wọ́n lé mi. Mo fi ìtìjú kọ́ ohun tí òun fi sùúrù mọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, lọ́rì Bàbá Sùlé ló gbé wa lọ, lọ́rì onípákó tó máa ń fi kó iṣu lọ sí Ìlọrin. Ní àbáwọlé Òmù-Àrán ni wọ́n dá a dúró láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n tú pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò, kí ohunkóhun má baà bo ère mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Wọ́n tẹ́ ẹní sórí pákó ìsàlẹ̀, wọ́n dojú odó mẹ́jọ dé orí ẹní. Wọ́n wá po eérú mọ́ àdín, àdín Ìyá Aládìn-ín fúnra rẹ̀, ó ti gbé odindi kèrègbè kan fún Tíṣà láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì fi kùn wá lára títí a fi dà bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú jáde nínú ilẹ̀. Torí pé Ráfátù ló mọ̀ ọ́n jù, òun ni wọ́n fi sí etí lọ́rì, lápá òsì, lókè ibi tí táyà ẹ̀yìn wà, kí àwọn onídàájọ́ lè rí i dáadáa. Èmi wà níwájú rẹ̀, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí, ẹ̀yin tí ẹ óò di alága ìgbìmọ̀ lọ́la: ọmọ tó gbọ́ràn jù lọ ni wọ́n fi sí ibi tó léwu jù lọ. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni.

Bàbá Sùlé bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó ní láti ibi tí òun ti ń wà á, òun kò lè rí ẹ̀yìn, òun kò sì lè rí ilẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí àgbàlagbà kan dúró sẹ́yìn, kí ó máa fi ọwọ́ gbá ara lọ́rì bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, bí àwọn ṣe máa ń ṣe bí àwọn bá kó iṣu. Tíṣà bi í pé ibo ló ti rí ère òkúta tí ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì dúró láàárín rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Sùlé gbé èjìká sókè, ó padà sídìí ọkọ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, pé iṣu ni ìbá dára kí òun kó lọ́jọ́ náà, torí pé ẹnikẹ́ni kì í bá alájàpá jiyàn lórí bí yóò ṣe di iṣu rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Aládìn-ín dé. Ó ti wọ ọkọ̀ mìíràn tẹ̀lé wa. Ọ̀já kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀já ìpọnmọ, òfì aláró tó ti ṣá, èyí tó fi pọn ìyá Ráfátù, tó sì tún fi pọn Ráfátù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gun orí lọ́rì, ó so ọ̀já náà mọ́ ìbàdí ọmọ rẹ̀, ó sì so etí kejì mọ́ irin tó dúró láàárín.

Tíṣà sáré wá. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí òkúta tí wọ́n fi ọ̀já so?”

Ó dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀. “Àdín tèmi ni, Tíṣà, mo mọ bó ṣe ń yọ̀. Oòrùn kò tíì mú. Tó bá mú, àdín yìí á yọ́ sórí ẹní, ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ á sì máa rìn.”

“Àwọn onídàájọ́ máa rí i, Ìyá.”

“Òkúta ni ìwọ gbé wá. Ọmọ ni èmi gbé wá.”

Tíṣà sún sẹ́yìn. Ó dúró títí Ìyá Aládìn-ín fi sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi lọ bá àwọn obìnrin ìlú wa níbi tí wọ́n ti ń tò sẹ́yìn lọ́rì. Lẹ́yìn náà Tíṣà rọra gun orí lọ́rì, bí ẹni tó ń tún ẹní ṣe, ó tú ọ̀já náà, ó ká a, ó sì fi pamọ́ sábẹ́ ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ojú èmi àti tirẹ̀ pàdé. Ó gbé ìka lé ẹnu. Kò nílò rẹ̀. Òkúta ni mí.

Lọ́rì gbéra. N kò lè parọ́ fún yín, ó dùn. Àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì, wọ́n ń pe ara wọn láti wá wò. Àwọn arúgbó ń na ìka, wọ́n ń ní, “Ẹ wo ẹni tí wọ́n bí, tó jókòó bí ẹni tí wọ́n gbẹ́.” Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa bí ẹni kí ọba. N kò tíì rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà láti ìgbà náà, kódà nígbà tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Oòrùn mú. Mo gbọ́ òórùn àdín bó ṣe ń yọ́. Ó ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ wa, láti gìgísẹ̀ wa, sórí ẹní. Lọ́rì kọjá nínú gọ̀tá kékeré kan, ó mì, mo sì rí i pé odó tí Ráfátù jókòó lé sún. Kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Ó tún mì, odó tún sún. Mo wo ojú Ráfátù. Òun náà ń wò mí. Ojú rẹ̀ kò bẹ̀rù, ojú rẹ̀ kàn ń béèrè. Mo mọ ohun tó ń béèrè. Ìdajì odó ti wà ní etí pákó. Mo mọ̀ pé bí mo bá na ọwọ́, ọwọ́ mi yóò tó o. Mo mọ̀ pé bí mo bá ké, lọ́rì yóò dúró. Àtíbàbà àwọn onídàájọ́ sì ti wà níwájú, mo ń rí aṣọ funfun wọn láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

Olóyè kan dúró sórí pèpéle ilé rẹ̀, ó ń da súìtì sójú títì kí aráyé lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí. Àwọn ọmọdé ya wọ ojú ọ̀nà, wọ́n ń ṣa súìtì níwájú táyà. Bàbá Sùlé rí ọ̀kan, ó tẹ bíréèkì lójijì. Gbogbo wa mì síwájú, a tún mì sẹ́yìn. Odó yọ́ kúrò lábẹ́ Ráfátù bí ọṣẹ.

Bó ṣe jókòó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe já bọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí orúnkún. Kò pariwo. Bàbá Sùlé sì rí i pé ọmọ tó wà níwájú ti sá kúrò, ó jẹ́ kí lọ́rì tún yí síwájú díẹ̀.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè mí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rò pé ara eré ni, pé òkúta kan já bọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá Aládìn-ín ló kọ́kọ́ pariwo. Mi ò mọ bó ṣe la àárín èrò yẹn kọjá. Nígbà tí mo máa yí ojú, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó gbé orí ọmọ lé itan. Ẹsẹ̀ òsì ni táyà gùn. Ó ń wá nǹkan tí yóò fi dì í, ó ń wo ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, ó wá gbé ojú sókè sórí lọ́rì, ó ń wá ọ̀já tó so, kò rí i lára irin. Títí di ìgbà náà, mo ṣì jókòó. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí orúnkún mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀, mo fa ọ̀já náà yọ lábẹ́ ẹní, mo jù ú sí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó gbà á, ó wo ọ̀já, ó wo Tíṣà tó ń sáré bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Tíṣà ló gbé Ráfátù sáré dé ilé ìwòsàn, àdín àti ẹ̀jẹ̀ sì ba ṣòkòtò onílà rẹ̀ jẹ́. Dókítà rán ohun tó ṣeé rán. Bàbá kan tó ń to eegun ní Òwu-Ìsin ṣe ìyókù, ó sì gba oṣù márùn-ún. Ní gbogbo àsìkò náà, Tíṣà a máa wá sí agboolé wa ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sórí ògiri wíwó. Ìyá Aládìn-ín a bu omi fún un, kò ní bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní ilé-ìwé wa ló ṣe ipò kìíní. Ife náà dé, wọ́n gbé e sínú ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ mọ́ àṣà àti ìgboyà.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún fẹ́ ṣe lọ́rì ọ̀ṣọ́. Láàárọ̀, Ìyá Aládìn-ín lọ jókòó síwájú lọ́rì, lórí ilẹ̀ lásán, òun àti obìnrin bíi méjìlá, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́, ọ̀já lọ́rùn gbogbo wọn. Wọ́n ní lọ́rì kò ní gbéra àfi tí wọ́n bá so ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ irin, tí wọ́n sì kan ìjókòó mọ́ pákó. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn tí yóò máa gbá ara lọ́rì. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ju nǹkan jíjẹ sójú ọ̀nà, olóyè ni o, ìjòyè ni o. Àwọn ìgbìmọ̀ ní èyí yóò ba ẹwà jẹ́. Ìyá Aládìn-ín ní kí ó bà á jẹ́, kò sì dìde títí wọ́n fi gbà. Lẹ́yìn náà wọ́n so ọ̀já tó kù pọ̀ mọ́ ara wọn, ó gùn bí okùn kànga, wọ́n fi yí lọ́rì ká, wọ́n sì ń rìn lọ pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ọmọ tó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sídìí táyà. Lọ́dún kẹta, ìgbìmọ̀ tẹ ìwé òfin kan jáde, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló rò ó, wọ́n sì fọwọ́ sí i, ọkùnrin mẹ́sàn-án. Ìyá Aládìn-ín kò bínú. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa gba orúkọ, kí ọmọ sáà má já bọ́.

Ráfátù kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Gànmọ, ó sì kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán níbẹ̀. N kò gun ògiri wíwó kọjá mọ́ kí ó tó lọ. Mo máa ń gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ lódìkejì, tó ń kọ́ bí yóò ṣe rìn, èmi a sì wà níhà tèmi, n ó máa ṣe bí ẹni tó ń kàwé. Ẹ̀kọ́ tí mo fi wọ yunifásítì nìyẹn, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Mo rí i lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn náà, nígbà tí irun orí èmi ti ń funfun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yà sí Gànmọ, mo béèrè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan wa ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ń yára ju àwọn tó ń fi méjì wà á. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. A sọ̀rọ̀ ọmọ, a sọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo ti kó ọ̀rọ̀ gígùn kan jọ láti ilé, kò jáde. Mo ṣáà sọ pé, “Mo rí odó yẹn nígbà tó ń sún.”

Kò dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, “Mo mọ̀. Mo ń wò ọ́.” Ó rán aṣọ náà dé ìparí, ó gé òwú, ó wá ní, “Ìwọ náà, òkúta ni wọ́n fi ọ́ ṣe.”

Ó kú ní ìgbà tí n kò sí nílé. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí lọ́jọ́ náà ni, tàbí ó kàn sọ bó ti rí.

Àwọn obìnrin ọlọ́jàá náà ti lọ tán, ìwé òfin sì ti sọnù. Ní ọjọ́ kejì tí Tèmídayọ̀ wọlé pẹ̀lú eérú, mo lọ sípàdé ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Ìlú, níbi tí wọ́n ti fi mí ṣe baba ìsàlẹ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń fún ní àga tó dára jù kí ó má baà sọ̀rọ̀. Alága jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ nǹkan. Ọkọ̀ akẹ́rù onítáyà mẹ́wàá ni wọ́n háyà, jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn yóò wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ̀rọ kan yóò máa fò lókè tí yóò máa ya fídíò, àwọn onígbọ̀wọ́ yóò sì máa ju bísíkíìtì sáàárín èrò. Mo béèrè nípa ààbò. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ààbò wà. Mo béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe. Wọ́n ní wọ́n ti tẹ ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ “Ààbò” wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀já, mo sọ ọ̀rọ̀ odó, mo sọ ọ̀rọ̀ bísíkíìtì. Alága ní, “Bàbá, a ti gba gbogbo ẹ̀ wọlé,” ó sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ fìlà.

Ìlú ti yí padà, mo gbà. Títì wa ti ní ọ̀dà. Ọmọ tó bá já bọ́ lónìí, ẹgbẹ̀rún fóònù ni yóò rí i. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó fẹ́ ìyìn kò tíì yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo rò ó pé kí n má jẹ́ kí Tèmídayọ̀ lọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé n kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan báyìí, mo dojú odó dé ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Tèmídayọ̀ a jókòó, ọwọ́ lórí orúnkún. Mo fi ẹsẹ̀ ti odó díẹ̀. Mo ní bí odó bá ti sún, kí ó ké. Lọ́jọ́ kìíní, ohùn rẹ̀ kò jáde, ó ní tíṣà àwọn ní kí àwọn má sọ̀rọ̀. Mo ní tíṣà tirẹ̀ kò sí níbí. Lọ́jọ́ kejì ó ké, aládùúgbò mi sáré wọlé pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó ké jù bẹ́ẹ̀ lọ, aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹrin kò sẹ́ni tó yọjú mọ́. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé igbe ọmọ nìkan kò tó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbọ́.

Mo ti yọ ọ̀já ìyàwó mi jáde nínú àpótí, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. N ó so ọmọ náà fúnra mi. Lẹ́yìn náà, n ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, n ó sì máa bá wọn rìn yí ìlú ká, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí, kí àwọn àlejò pàtàkì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá tú ọ̀já náà, n ó ké.

Mo sọ èyí fún Tèmídayọ̀ lánàá. Ó bojú wò mí láti orí odó.

“Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ké?”

Mo ní mo ń kọ́ ọ.